Ògiri Tí Ìdrìsù Kò Rẹ́ Lọ́dún Yìí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ummusalmah ṣe lágídí tó, kó má wulẹ̀ bi Sàfíyyà ọmọ rẹ̀, torí ọmọ lè fi ìbínú sọ̀rọ̀. Kó lọ bi àwọn awakọ̀ tó ń ná Lazaret sí Zongo ní Niamey, olú ìlú Niger. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń wọ ọkọ̀ wọn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ẹrù tàbí kó fa òun lọ́wọ́ gun ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá nawọ́ sí i, á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Ṣé mo pè ọ́ ni?" Àwọn awakọ̀ ọ̀hún fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin yìí náà ló jókòó sórí ẹní ní yàrá ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èdè Haúsá ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ó ní òjò tó dáwọ́ dúró láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti fún ooru láyè láti padà, pé lónìí ni yóò mú jù, pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìjì àti àrá yóò wá láti ìlà oòrùn, òjò ńlá yóò sì tẹ̀lé e. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ojúlùmọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé ilé amọ̀ tí kò lágbára tètè kúrò níbẹ̀.

"A ti gbọ́," Ummusalmah dá a lóhùn, ó sì pa á.

Ó gbójú sókè wo ògiri. Ògiri ìlà oòrùn ló kọjú sí i, èyí tí òjò máa ń kọ́kọ́ nà ní Niamey, torí apá ibẹ̀ ni ìjì ti ń wá. Ó ti là láti abẹ́ páànù títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ìdrìsù. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìlà náà kò ju fọ́nrán òwú lọ. Nísinsìnyí ọwọ́ rẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tirẹ̀ ti lanu, aláǹgbá sì ti wọ̀ ọ́, ọ̀kan olórí pupa tó máa ń yọjú wò ó nígbà tó bá ń kírun, bí ẹni pé òun ni onílé.

Ká ní Ìdrìsù wà láyé ni, aláǹgbá yẹn ì bá wá ibòmíràn gbé. Ogbómọ̀ṣọ́ ló ti wá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, abọ́ tánganran ló ń kiri títí tó fi rí ilẹ̀ sí Lazaret, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi mọ ilé náà, bí àwọn Zarma aládùúgbò rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Lọ́dọọdún, tí ooru bá ti mú dójú ẹ̀, tí òjò kò sì tíì dé, á da amọ̀ sí àárín àgbàlá, á pò ó mọ́ èèpo ìrẹsì àti ìgbẹ́ màlúù, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á wá fi sílẹ̀ títí á fi máa rùn, kó tó fi rẹ́ ògiri. Òórùn náà a máa lé àlejò. "Ilé amọ̀ kì í tán ní kíkọ́," ló máa ń wí. "Bí o bá ti sinmi, ó ti ń padà sílẹ̀ nìyẹn." Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, orí àpótí ló ń jókòó sí, tí á máa jágbe mọ́ àwọn lébìrà pé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ jù, pé ṣé amọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ni àbí wọ́n ń jó.

Lọ́dún yìí, wọ́n ti bomi sí amọ̀ nígbà tó kú. Òkìtì rẹ̀ ṣì wà láàárín àgbàlá, òjò ti rẹ ẹ́, oòrùn ti gbẹ ẹ́, àwọn adìyẹ ń jẹ̀ lórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ògiri náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sàfíyyà kó lébìrà wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ̀ lé wọn jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Inú tákàbà ló wà, opó tí àwa mùsùlùmí ń ṣe, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọkùnrin àjèjì wo ni yóò wá máa gun àkàbà lójú fèrèsé opó? Níbo ni òun fẹ́ wà tí wọ́n bá ń rẹ́ inú yàrá? "Ẹ jẹ́ kí n parí ná," ló ń sọ. Ẹ wá gbọ́ o: òfin ní kí opó má kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Àgbàlá, ilé ìdáná, ọ̀ọ̀dẹ̀, ilé ọkọ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ummusalmah ló fúnra rẹ̀ sọ ilé di yàrá. Àyàfi tó bá fẹ́ wẹ̀ tàbí tó fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ọ̀la ni yóò parí. Àwọn obìnrin Yorùbá láti Zongo yóò wá pẹ̀lú omi, ọṣẹ àti aṣọ funfun, wọn yóò sì wẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó ní ìdí tó fi há ara rẹ̀ mọ́lé bẹ́ẹ̀.

Ooru ló pa Ìdrìsù. Kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tó máa dùn. Oṣù kẹrin ni, nígbà tí páànù orí ilé máa ń ta bí àgbàdo lórí iná. Iná mànàmáná lọ láti àárọ̀, fáànù dúró. Gbogbo ọjọ́ oṣù náà ló rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ èyí tó máa pani nínú wọn? Ummusalmah jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń fi aṣọ tútù nu àyà rẹ̀, títí ara òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Ìdrìsù rí i. Ló bá jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé ó mú un níbi tó ti ń jalè: "Jáde kúrò níbí, ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń gbé ọ! Lọ sábẹ́ igi ní ìsọ̀ rẹ!" Ó dun obìnrin náà dé egungun. Láti àárọ̀ ló ti ń fẹ́ ẹ, èyí ni ọpẹ́ rẹ̀? Ó dìde tìbínútìbínú, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Zongo, ó jókòó sábẹ́ igi dongóyárò, atẹ́gùn fẹ́ sí i, orí rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Nígbà tó fi délé ní ìrọ̀lẹ́, Ìdrìsù ti lọ. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà ilẹ̀kùn.

Kò sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ní òkú ló ní kí òun máa lọ, àwáwí ló ń wá. Ohun tó mọ̀ kò ju pé òun kò sí nílé. Ó wá pinnu pé títí tákàbà òun yóò fi parí, òun kò ní í kúrò ní yàrá náà mọ́, bó gbóná, bó tutù.

Sàfíyyà dé nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, nínú takisí, pẹ̀lú bàtà gogoro tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní àdúgbò Plateau. Ibẹ̀ ló ti ń gba àlejò ní ọ́fíìsì kan tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ooru wà láyé. Fóònù ló sọ fún wọn pé ìjì ń bọ̀.

"Màmá, ẹ ò gbọ́ mẹtẹ́ò lórí rédíò ni?"

"Mo gbọ́."

"Wọ́n fi alerte ìjì sórí fóònù gbogbo wa. Takisí wà níta. S'il vous plaît, ẹ dìde, ká lọ sílé mi. Ilé tèmi, sìmẹ́ǹtì ni."

"Mo mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ. Ọ̀la ni mo máa wá."

"Òjò ò ní dúró de ọ̀la!"

"Èmi máa dúró dè é."

Yorùbá Sàfíyyà kì í tó ìjà jà. Niamey ni wọ́n bí i sí, Niamey ló ti kàwé, tí inú bá sì ń bí i, á sáré kó sínú Faransé, ìyá rẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé á wá jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá Faransé lọ. Ó ki ọwọ́ bọ inú ògiri tó là, ọwọ́ náà wọlé dé ọrùn ọwọ́. Amọ̀ tó fà jáde ṣì tutù lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ méje. Ó nà án sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ló bá tẹ Àbdùlràhmàn láago, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àlùfáà àwọn Yorùbá ní Zongo. Ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba, ó sì gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ọkùnrin náà wí, "ẹ fetí sí mi dáadáa. Nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda. Tí ilé bá fẹ́ wó, ẹ jáde. Tákàbà yín ò bàjẹ́ rárá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá Àlùfáà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

Ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀, kò sì mira. Gbígbọ́ lọ̀tọ̀, gbígbà lọ̀tọ̀.

Níta, takisí fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fun ún. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ tó yí padà, tó sì sáré lọ. Awakọ̀ náà ti rí ohun tó ń bọ̀ lókè.

Fáànù dúró. Iná ti lọ.

Kò sí atẹ́gùn kankan mọ́. Ooru náà nípọn débi pé Sàfíyyà ń fi ẹnu mí. Páànù ń ta lókè wọn, tà, tà, bí ó ti ń ta lọ́jọ́ yẹn. Báyìí ló ṣe rí lára Ìdrìsù nígbà náà, Ummusalmah ń rò ó. Báyìí gan-an. Ó ń fi ojú wá Ìdrìsù lórí ibùsùn.

"Bàbá Àlùfáà ti gbà fún yín," Sàfíyyà wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Kí ló tún kù, Màmá?"

"Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ kú, mi ò sí nílé."

"Ta ló bá yín wí?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀."

Sàfíyyà fi etí aṣọ rẹ̀ nu òógùn ọrùn ìyá rẹ̀.

Ìgbà náà ni aláǹgbá yọ orí jáde nínú ògiri. Kò mi orí bó ti máa ń ṣe. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gba orí ẹní kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ummusalmah, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sí àgbàlá. Àwọn méjèèjì wò ó títí tó fi lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, òkùnkùn dé ní ọ̀sán gangan. Afẹ́fẹ́ kọlu ilé, eruku pupa gba fèrèsé wọlé, páànù ń gbé orí sókè, ó ń sọ̀ ọ́ sílẹ̀. Láti ọ̀ọ̀dẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, tí Ìdrìsù fi bíríkì sìmẹ́ǹtì kọ́ nígbà tí nǹkan dára, Bíbàtà aládùúgbò wọn ń kígbe, "Ìyá! Ẹ máa bọ̀ níbí! Ìyá Sàfíyyà!" Àrá sán, ó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjò sì dà.

Kì í ṣe òjò tó ń kán. Odindi ló ń bọ́. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan wó sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, gbì, bí ẹni sọ àpò ìrẹsì kalẹ̀: awọ ògiri lóde ti ń já bọ́. Nínú yàrá, eruku tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí dà láti inú ibi tó là. Nígbà tó ṣe, eruku náà di omi pupa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Sàfíyyà ń sunkún. "Màmá!"

"Máa lọ. Ọ̀dọ̀ Bíbàtà ni kí o wà. Máa lọ!"

Sàfíyyà dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó tò wọ́n jọ dáadáa bí ẹni tó dé síbi tó máa sùn, ó lọ jókòó sórí ibùsùn bàbá rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri náà.

Ummusalmah fi ọwọ́ gbá ẹní.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo jókòó tì yín ni."

"Dìde níbẹ̀! Sàfí! Ògiri yẹn!"

"Tẹ́ ẹ bá ń lọ, à ń lọ. Tẹ́ ẹ bá jókòó, mo jókòó."

Omi pupa ti ń ṣàn sí èjìká ọmọ náà, ó ń ba aṣọ funfun tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ jẹ́. Ògiri náà kùn. Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀ tí Ummusalmah kò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tó fi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò bà á nítorí ara rẹ̀ rárá, ló bá pariwo, ó jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó mú un níbi tó ti ń jalè:

"Jáde kúrò níbí, ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń gbé ọ!"

Ó gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohùn Ìdrìsù ni. Ọ̀rọ̀ Ìdrìsù ni, láìkù ẹyọ kan, láìkù igbe rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìbínú kankan nínú rẹ̀. Òun tó ń pariwo rẹ̀ lọ́wọ́ ló mọ̀ pé kò sí. Ọkùnrin tí kò lè dìde ló rí aya rẹ̀ tó ń kú lọ lójú rẹ̀, tó mọ̀ pé tí òun bá bẹ̀ ẹ́, kò ní í lọ, torí ta ló mọ agídí rẹ̀ ju òun lọ? Ó wá bú u kó lè lọ. Oṣù mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí èébú.

Ẹsẹ̀ Ìdrìsù ni kò gbé e mọ́. Ti Ummusalmah ṣì ń gbé e.

Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Fà mí dìde," ó wí.

Ká ní awakọ̀ Lazaret kan wà níbẹ̀ ni, kì bá gba etí ara rẹ̀ gbọ́. Sàfíyyà fò kúrò lórí ibùsùn, ó di ọwọ́ náà mú, ó fà á. Orúnkún ìyá rẹ̀ ti gan nítorí ìjókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, omi àgbàlá sì ti dé agbedeméjì ojúgun. Wọ́n dìrọ̀ mọ́ ara wọn gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì amọ̀ kọjá, òjò ń nà wọ́n lójú, títí Bíbàtà fi gbá wọn mú ní aṣọ, tó fà wọ́n sínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Bíbàtà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ àti gbogbo adìyẹ ilé. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ.

Wọn kò tíì jókòó nígbà tí ògiri náà wó. Kò pariwo tó bí wọ́n ṣe rò. Ó kàn dùbúlẹ̀ sínú yàrá, páànù sì tẹ̀lé e. Nígbà tí mànàmáná kọ, wọ́n rí ibùsùn Ìdrìsù, ẹsẹ̀ ibùsùn náà kan ṣoṣo ló yọ síta lábẹ́ amọ̀.

Ummusalmah sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, kò tíì sun ún rí lójú ẹnìkan. Bíbàtà fi aṣọ bò ó, ó ń sọ fún un ní Haúsá pé kó má sunkún ilé, pé ilé á tún dìde. Kì í ṣe ilé ló ń sun. Ó fa orí Sàfíyyà sí àyà, ó sì sọ fún un, létí, ohun tí bàbá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀, títí kan igi tó wà ní ìsọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́. Àwọn obìnrin Zongo dé pẹ̀lú ike omi, ọṣẹ àti aṣọ funfun. Wọ́n bá ihò níbi tí ògiri wà, wọ́n sì figbe ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí opó wọn.

Àárín àgbàlá ló wà. Ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó wà nínú òkìtì amọ̀ tí òjò ti sọ di rírọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Èèpo ìrẹsì wà nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sàfíyyà wà nínú amọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, láìwọ bàtà, ó ń di èjìká ìyá rẹ̀ mú kí ó má baà yọ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ummusalmah! Tákàbà yín ò tíì parí, ẹ ti jáde!"

"Níbo ni mo jáde lọ?" Kò dáwọ́ dúró. "Ilé ọkọ mi ni mo wà."

"A gbé omi wá, ẹ wá wẹ̀."

"Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ jókòó." Ó yí sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ ti fúyẹ́ jù."